Kóòtù Wo Ló Lè Tú Ìgbéyàwó Yín Ká? Àlàyé lórí Ìkọ̀sílẹ̀ àti Ìtọ́jú Ọmọ ní Nàìjíríà

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan. Ó di ìwé sínú ọ̀rá, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní, "Lọ́yà, ọmọ mi, ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti kọ ọkọ mi sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ nìyí. Mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ báyìí, àmọ́ àwọn ará rẹ́jísìrì ní àwọn ò lè so wá pọ̀." Mo ka ìwé náà. Kóòtù ìbílẹ̀ ló kọ ọ́. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀. Mo ní, "Mà, níbo lẹ ti ṣe ìgbéyàwó àkọ́kọ́ yẹn?" Ó ní rẹ́jísìrì ni, lẹ́yìn ìdána, ó sì fa sàtífíkéètì yọ. Èmi ni mo wá sọ fún un pé ìgbéyàwó tó rò pé ó ti tú ká láti ọdún mẹ́jọ ṣì wà digbí. Ó pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀.

Òun nìkan kọ́ ló wà nínú irú ọ̀fìn yìí. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé kóòtù ìbílẹ̀ ní Mápó tú ìgbéyàwó ọlọ́dún mẹ́rìnlá ká, pé wọ́n gbé ọmọ mẹ́ta fún ìyá, pé wọ́n ní kí bàbá máa san iye báyìí lóṣù. Àwọn gbajúmọ̀ náà ń gbé e sórí Instagram pé "a ti pínyà." Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí á rò pé kóòtù kóòtù ni, pé èyí tó bá ti sún mọ́ ilé ẹni ni kéèyàn gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí, àṣìṣe yẹn sì ti ba ayé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.

Ṣé pípínyà àti ìkọ̀sílẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà?

Rárá. Pípínyà ni kí ọkọ wà níbìkan, kí aya wà níbòmíràn. Ìkọ̀sílẹ̀ ni kí kóòtù tó láṣẹ kéde pé ìgbéyàwó náà ti parí. Ọkùnrin lè kó ẹrù jáde nílé, kí ogún ọdún kọjá kó má fojú kan ìyàwó rẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, tọkọtaya ni wọ́n ṣì jẹ́ lójú òfin. Tí ọkùnrin náà bá kú lọ́la, ìyàwó tí wọn ò jọ gbé láti ogún ọdún lè yọ síbi pínpín ogún pẹ̀lú sàtífíkéètì lọ́wọ́, òfin á sì gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló jẹ́ ẹnu ibojì ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ èyí. Ọdún kì í pọ̀ títí kó tú ìgbéyàwó ká fúnra rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn wà tí a ó máa bá pàdé. Àṣẹ ìtọ́jú ọmọ ni ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ sọ́dọ̀, kí ẹni náà sì máa pinnu ohun tó kan ilé ìwé rẹ̀, ìlera rẹ̀ àti ibùgbé rẹ̀. Ìbẹ̀wò ni ẹ̀tọ́ òbí tí ọmọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ láti máa rí ọmọ náà, kó máa mú un lọ fún òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ìsinmi. Owó ìtọ́jú ni èyí tí a máa ń pè ní owó oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ilé ìwé, aṣọ àti oògùn wà nínú rẹ̀.

Irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú gbogbo ìbéèrè yòókù. Ẹ fojú inú wo ìgbéyàwó bí àgádágodo. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan lè wọ ẹnu èkejì, kó tilẹ̀ dà bíi pé ó yí, àmọ́ àgádágodo náà kò ní ṣí.

Èkíní ni ìgbéyàwó ìbílẹ̀: ìdána, alága ìjókòó àti alága ìdúró, ẹrù ìyàwó, obì, oyin, iṣu, owó orí, ìyàwó sì wọ ilé ọkọ. Ìgbéyàwó tó pé pérépéré ni. Kóòtù ìbílẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Èkejì ni yìgì, tí àwọn Mùsùlùmí ń so pẹ̀lú walí (ẹni tó dúró fún ìyàwó), ẹlẹ́rìí àti sọ̀dáákì (owó tí ọkọ ń fún ìyàwó). Mo máa padà sí i.

Ẹ̀kẹta ni ìgbéyàwó abẹ́ òfin, èyí tí a ń pè ní ìgbéyàwó kóòtù. Rẹ́jísìrì lẹ ti lè ṣe é, ẹ sì lè ṣe é nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀. Sàtífíkéètì tí òfin Marriage Act là sílẹ̀ lẹ ó gbà. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Tí kóòtù ìbílẹ̀ bá tú u ká, asán ni ìdájọ́ náà, ì báà ní òǹtẹ̀ mẹ́wàá.

Ohun tó ń da orí èèyàn rú ni pé púpọ̀ nínú wa ń ṣe méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. A ṣe ìdána ní Ọjọ́bọ̀, a lọ sí rẹ́jísìrì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Tó bá ti di báyìí, àgádágodo rẹ́jísìrì ló wà lókè. Ilé Ẹjọ́ Gíga lẹ ó lọ.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gba àkíyèsí. Gbogbo àdúrà pásítọ̀ kọ́ ló ń di ìgbéyàwó abẹ́ òfin. Tí ṣọ́ọ̀ṣì kò bá ní ìwé àṣẹ ìjọba, ìbùkún ni wọ́n ṣe fún yín. Ìbùkún dára, àmọ́ ìdána tí ẹ ṣe ṣáájú ni òfin máa rí. Ẹ gbé sàtífíkéètì yín jáde lónìí, kí ẹ wò ó bóyá Marriage Act wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ ìjọ àti ẹsẹ Bíbélì nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ kankan.

Wọ́n dá owó orí padà lọ́jọ́ ìdána. Ṣé a ti kọ ara wa sílẹ̀ nìyẹn?

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí ju ìgbà márùn-ún lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èèyàn rẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀. Lábẹ́ àṣà, dídá owó orí padà ló máa ń fi hàn pé ìgbéyàwó ti parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá ń dá àpò owó náà padà fún ẹbí ọkọ lójú agbo, wọ́n á ní àwọn kò ta ọmọ. Ẹ̀yẹ nìyẹn. Wọ́n ti gba owó náà ná kí wọ́n tó dá a padà, ìgbéyàwó sì ti múlẹ̀. Ìdápadà tó ń túmọ̀ sí ìkọ̀sílẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìjà, pẹ̀lú ìpinnu pé ó ti parí. Kódà nígbà yẹn, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba ìwé kóòtù ìbílẹ̀. Àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ lónìí lè má sí láyé lọ́jọ́ tí ẹ máa nílò ẹlẹ́rìí.

Ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, kí lẹ máa fi hàn?

Òfin tó ń darí èyí ni Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970. Ìdí kan ṣoṣo ló gbà: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ kò lè kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí adájọ́ gbà á. Abala 15 ka ohun mẹ́jọ sílẹ̀ tí ó lè fi hàn pé ó ti bàjẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ọ̀kan múlẹ̀.

Èyí tí àwọn èèyàn ń lò jù ni ìwà tí kò ṣeé bá gbé: ìlùkulù, ìwà ìkà, ọtí àmujù tó ń ba ilé jẹ́. Àgbèrè wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹ tún gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ kò lè fara da gbígbé pẹ̀lú ẹni náà mọ́, ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn pé ó bá a ṣe é sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ẹ pè lẹ́jọ́. Kí ẹ ro ìyẹn dáadáa kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Pípa ẹnì kejì tì fún ọdún kan ó kéré tán wà níbẹ̀. Kíkọ̀ láti bá ẹnì kejì lò pọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó náà wà níbẹ̀.

Àwọn méjì kan wà tí kò nílò kí ẹ tú àṣírí ilé síta, mo sì fẹ́ràn wọn fún ìdí yẹn. Tí ẹ kò bá ti gbé pọ̀ fún ọdún 2 gbáko, tí ẹnì kejì kò sì lòdì sí i, ó tó. Tó bá ti pé ọdún 3, ó tó, ì báà gbà, ì báà kọ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù lè jókòó dúró de àkókò yẹn, kó má bàa sí pé àwọn ọmọ á ka ìwé ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n rí ohun tí ìyá àti bàbá wọn kọ nípa ara wọn.

Ẹni tó ti sọnù fún ọdún 7 láìsí ẹni tó gbúròó rẹ̀, kóòtù lè kà á sí òkú, kó sì tú ìgbéyàwó náà ká.

Tí ìgbéyàwó yín kò bá tíì pé ọdún 2, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ bí àgbèrè. Adájọ́ á wò ó bóyá ìyà náà pọ̀ kọjá àfaradà. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ ìpínlẹ̀ tí ẹ ti ṣègbéyàwó lẹ máa padà sí. Ẹni tí Nàìjíríà jẹ́ ilé rẹ̀ lè pe ẹjọ́ yìí ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí.

Adájọ́ ti dá ẹjọ́. Ṣé mo lè fẹ́ ẹlòmíràn lọ́la?

Ẹ dúró ná. Ìwé méjì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ń fúnni. Lára èyí àkọ́kọ́, wọ́n á kọ Decree Nisi. Ó dà bí búrẹ́dì tó ti wọ inú ààrò àmọ́ tí kò tíì jinná. Oṣù 3 ló máa lò kó tó di Decree Absolute, ìyẹn ni ìwé tó parí ọ̀rọ̀. Tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, adájọ́ tún gbọ́dọ̀ rí i pé ètò gidi wà fún un kí àṣẹ náà tó lè di pípé. Tí ọ̀kan nínú yín bá kú láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, opó ni ẹnì kejì, kì í ṣe ẹni tó ti kọ ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá lọ fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí ìgbéyàwó rẹ́jísìrì rẹ̀ ṣì wà, ìgbéyàwó kejì náà kò jẹ́ nǹkan kan. Ọ̀ràn ni pẹ̀lú: òfin ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí i. Ọkùnrin tó ṣe ìgbéyàwó kóòtù, tó wá lọ ṣe ìdána fún ìyàwó kejì, Marriage Act fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí tirẹ̀. Òótọ́ ni pé a kì í sábà rí ẹni tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n nítorí èyí. Obìnrin kejì yẹn ni ọ̀rọ̀ náà dùn mí fún jù, nítorí òun ni yóò lo ogún ọdún nínú ilé tí òfin kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ewu kan náà. Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú.

Kóòtù ìbílẹ̀ àti yìgì ńkọ́?

Ní kóòtù ìbílẹ̀, nǹkan rọrùn díẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ lè lọ láìní lọ́yà, èdè Yorùbá ni wọ́n sì sábà máa ń sọ níbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bẹ̀ yín kí ẹ padà sílé. Wọ́n lè sún ẹjọ́ síwájú kí àwọn ẹbí lè dá sí i. Tí kò bá ṣeé ṣe, wọ́n á tú u ká, wọ́n á sì sọ ibi tí àwọn ọmọ máa gbé. Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀, kí ẹ má fi ẹnu nìkan lọ sílé.

Yìgì ní ìlànà tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Ọkọ lè sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Obìnrin á wá dúró fún àkókò nǹkan oṣù mẹ́ta, ọkọ sì lè gbà á padà láàárín ìgbà yẹn, àyàfi tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta. Obìnrin tí kò fẹ́ mọ́ lè dá sọ̀dáákì padà, kí ọkọ sì tú u sílẹ̀. Tí ọkọ bá kọ̀ jálẹ̀, adájọ́ lè tú u ká nítorí ìyà tàbí àìtọ́jú. Ibi tí ẹ ń gbé ló máa sọ ibi tí ẹ máa gbé e lọ. Ní Kwara, kóòtù ìjọba tó ń lo òfin Ìsìláàmù wà, Sharia Court of Appeal, ìyẹn kóòtù kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀, sì wà ní Ìlọrin. Ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn tàbí Èkó, kóòtù ìbílẹ̀ ni ìjọba ní fún un. Ìgbìmọ̀ àwọn àáfà tó ń parí ìjà wà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n sì ti tún ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó fún wọn lágbára ni pé ẹ̀yin méjèèjì gbà láti gbọ́ tiwọn.

Ta ló ni ọmọ?

Ibí ni ẹkún pọ̀ sí jù lọ. Àwọn ẹbí ọkọ á ní, "Ọmọ kì í ṣe ti ìyá, kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó máa lọ." Ìyá náà á ní, "Èmi ni mo rọbí, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi." Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ jẹ́ ilẹ̀ tí à ń jà sí. Òfin kò bá wọn wò ó bẹ́ẹ̀. Abala 71 nínú Matrimonial Causes Act sọ pé ire ọmọ ni kóòtù gbọ́dọ̀ gbé ṣáájú ohun gbogbo. Child's Rights Act ti ọdún 2003 tún un sọ, Èkó sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2007. Kóòtù ìbílẹ̀ náà kò lè fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn nítorí àṣà.

Adájọ́ tó ń wá ibi tí ọmọ máa gbé dà bí ẹni tó fẹ́ ra bàtà fún ọmọ. Ẹsẹ̀ ọmọ ló ń wọ̀n. Ẹsẹ̀ bàbá kò kàn án, ti ìyá kò kàn án. Nítorí náà, àwọn ìbéèrè rẹ̀ lè dà bí nǹkan kékeré lójú yín. Ta ló ń jí i fún ilé ìwé? Ta ló mọ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà? Tí ilé ìwé bá jáde ní aago méjì, ta ló wà nílé? Yàrá wo ló máa sùn, àti àwọn wo? Ṣé òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ á wà pọ̀? Tí ọ̀kan nínú yín bá ń lọ sí ìlú òyìnbó, ṣé ẹ ń mú un lọ ni, àbí ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì kí ẹ sì lọ já a sílẹ̀ fún màmá àgbà? Tí ọmọ náà bá ti tó mọ ohun tó ń ṣe, adájọ́ lè pè é sínú yàrá tirẹ̀, kó bá a sọ̀rọ̀ láìsí yín níbẹ̀. Ó tún lè rán òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wá wo ilé yín.

Ọmọ kékeré, pàápàá èyí tó ṣì ń mu ọmú, ìyá ni wọ́n sábà máa ń gbé e fún, àyàfi tí ìwà tàbí ìlera ìyá bá lè ṣe ọmọ náà ní ṣùtá. Èyí kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yí. Bàbá tó ti ń dá ọmọ tọ́ láti ọdún mẹ́ta ní ẹjọ́ rere láti rò. Nínú òfin Ìsìláàmù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ní Nàìjíríà, ìyá ló ń ṣáájú nínú ìtọ́jú: ọmọkùnrin títí tó fi bàlágà, ọmọbìnrin títí tó fi wọlé ọkọ. Tí ìyá náà bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ìyá tó bí ìyá ọmọ náà ló tẹ̀ lé e. Ó ya àwọn ọkùnrin kan lẹ́nu tí mo bá sọ èyí fún wọn.

Owó kọ́ ló ń ra ọmọ. Tí bàbá bá lówó tí ìyá kò ní, kóòtù lè gbé ọmọ fún ìyá kó sì gbé ìnáwó fún bàbá. Bákan náà, obìnrin tó ṣe àgbèrè kò pàdánù ọmọ rẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ léraléra pé gbígbé ọmọ fún ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó ṣe dáadáa, kì í sì í ṣe ìyà fún ẹni tó ṣẹ̀.

Àṣẹ yìí ṣeé yí padà. Tí ipò bá yí, ẹ lè padà sí kóòtù kan náà. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ lọ gbé ọmọ ní ilé ìwé kí ẹ sá lọ. Òfin ka gbígbé ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó láṣẹ lórí rẹ̀ sí ọ̀ràn, kódà tó bá jẹ́ òbí rẹ̀ ló gbé e. Ọjọ́ yẹn kì í sì í kúrò lọ́kàn ọmọ. Ẹni tó bá ti gba àṣẹ kóòtù, kó mú ẹ̀dà kan lọ fún ilé ìwé.

Kò san owó oúnjẹ. Ṣé mo lè má jẹ́ kó rí ọmọ?

Rárá. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ ló ni owó, ọmọ ló ni ìbẹ̀wò pẹ̀lú. Tí bàbá kò bá san, ẹ padà lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ní kóòtù. Tí ìyá bá ń gbé ọmọ pa mọ́, kí bàbá ṣe bákan náà, kó má sì dá owó dúró.

Tí ẹ kò tilẹ̀ ṣe ìgbéyàwó kankan, ẹ̀tọ́ ọmọ kò dín kù. Child's Rights Act sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú láti ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ, Family Court, ìyẹn kóòtù tó wà fún ọ̀rọ̀ ọmọdé, sì lè gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kóòtù á wo ohun tí ń wọlé fún òbí méjèèjì. Ẹ kó rìsíìtì ilé ìwé àti ti ilé ìwòsàn lọ. Ìwé ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Tí bàbá bá ní òun kọ́ ló bí i, kóòtù lè ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ tí a bí nígbà tí ìgbéyàwó ṣì wà, tàbí láàárín ọjọ́ 280 lẹ́yìn tó tú ká tí ìyá kò sì tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ti ọkọ yẹn ni Evidence Act kà á sí. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá.

Ilé tí a jọ kọ́ ńkọ́?

Ilé Ẹjọ́ Gíga lè pín in bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìdajì sí ìdajì ní dandan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé ilẹ̀ ní láti fi hàn pé òun dá owó sí i. Ní kóòtù ìbílẹ̀, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún obìnrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi owó sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ lọ́wọ́ sí ọwọ́. Ẹ fi báǹkì ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tó wà fún sí i.

Tó bá ń lù mí, ṣé mo gbọ́dọ̀ dúró de ìkọ̀sílẹ̀?

Ẹ má dúró. Èyí kò nílò kí ìgbéyàwó kọ́kọ́ tú ká. Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé láti 2007, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe VAPP Act, òfin tó lòdì sí ìwà ipá, ní 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Kóòtù lè pàṣẹ kí ẹni náà má sún mọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Àjọ DSVA wà ní Èkó fún èyí. Legal Aid Council, àjọ ìjọba, àti àwọn agbẹjọ́rò obìnrin FIDA ń ran ẹni tí kò lówó lọ́wọ́.

À ń gbé ní Lọ́ndọ̀nù, Nàìjíríà la ti ṣègbéyàwó

Tí England tàbí Wales bá ti di ibùgbé yín, ẹ lè tú u ká níbẹ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2022, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn kan ẹnì kejì mọ́; ẹni kan tàbí ẹ̀yin méjèèjì lè kọ̀wé pé ó ti parí, bí ìgbéyàwó bá ti lé ní ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ 20 ló máa kọjá kí ẹ tó lè béèrè fún àṣẹ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 6 kí ti ìkẹyìn tó ṣeé gbà. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tó bófin mu níbí, wọ́n lè gbà á lọ́hùn-ún, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ ṣòroó kó jọ ju ti rẹ́jísìrì lọ. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí kò lágbára nílé kò sì lè lágbára lẹ́yìn òkun. Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ fún ìgbéyàwó rẹ́jísìrì lè dí ẹni tó fẹ́ mú ọkọ tàbí aya tuntun lọ sí ìlú òyìnbó lọ́wọ́, lẹ́yìn tó ti ná owó físà tán.

Ìyá aláṣọ wa kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nígbà tó padà wá. Ó kàn béèrè pé, "Báwo la ṣe máa ṣe é, Lọ́yà?" Ọkùnrin náà ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ju ọdún 3 lọ, ìyẹn nìkan sì tó. A kò fi ẹ̀sùn kankan kàn án. A fi ìwé jíṣẹ́ fún un, kò sì bá wa jà. Ọmọ wọn tó kéré jù ti pé ọdún 19, nítorí náà kò sí ohun tó dá adájọ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Nígbà tí Decree Nisi jáde, ó fẹ́ lọ ra aṣọ ẹbí lọ́jọ́ kejì, mo ní, "Mà, ó ku oṣù mẹ́ta." Ó lọ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà ìsọ̀ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tó pé, ó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi kí n tó dé.